Omi Òjò Tí Mo Dà Sórí Koríko

Ilé wa, ẹ̀yìn Arákàlẹ̀,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́rú, nínú oṣù Keje.

Mórẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ láàárín òjò. Láti àná ló ti ń rọ̀ tí kò dá, ìyá rẹ sì ti sọ pé tí lẹ́tà yìí bá fi tutù kó tó dé ọwọ́ rẹ, òun kò ní bá mi lọ ra bébà mìíràn. Awakọ̀ tó máa gbé e wá sí Oǹdó láàárọ̀ ọ̀la ti ṣèlérí pé òun máa dì í sínú ọ̀rá. Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé Bàbá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù ni. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, yẹ̀yẹ́ ni mo tún máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe, bí mo ti ṣe lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn o bi mí pé báwo ni yunifásítì, mo ní, "Ó wà níbẹ̀." Ìdáhùn ọlẹ nìyẹn. Inú ọgbà yẹn lo ti kọ́ ìrìn, ó yẹ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ bó ṣe yẹ.

Ìdánwò sáà kejì ń lọ lọ́wọ́. Koríko ti ga dé orúnkún, àwọn tó ń gé e kò sì rí ọjọ́ kan tí ilẹ̀ gbẹ tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ́ bàtà wọn sínú ọ̀rá, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán la ẹrẹ̀ kọjá, wọ́n á wá wọ bàtà tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ọmọkùnrin ará Ìwó kan àti ọmọbìnrin ará Ìjẹ̀bú kan nídìí igi mẹ́línà, wọ́n ń fi téèpù wọn ìdí igi nínú òjò. Agbòòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, orí ìwé tí wọ́n ń kọ iye rẹ̀ sí ni wọ́n gbé e lé. Òjò ń pa àwọn fúnra wọn, wọn kò tilẹ̀ bìkítà. Mo dúró wò wọ́n títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Rẹ́nikẹ́, ẹnu máa ń yà mí sí àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tuntun kan dé ọgbà ojú-ọjọ́ wa. Orí òpó ló wà, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka òjò, ó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo kọ́kọ́ bá a ṣọ̀tá. Mi ò kí i fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí agolo òjò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí èmi náà máa kà á títí mo fi máa fẹ̀yìn tì nínú oṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n lè máa fi tèmi wo tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, èmi àti ẹ̀rọ náà rí òjò púpọ̀. Nígbà tí mo rìn dé ẹnu géètì yunifásítì, eruku ni mo bá níbẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ka òjò, ọwọ́ Ọlọ́run lára rẹ̀ ṣì ń bà mí lẹ́rù.

Tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ bá bi ọ́ pé kí ni bàbá rẹ ń ṣe, má sọ fún wọn mọ́ pé mo ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, torí wọ́n á rò pé olùkọ́ ni mí. Sọ fún wọn pé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bàbá rẹ máa ń ṣí géètì kékeré kan, á da omi inú agolo sínú ife olójú ìlà, á bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi bá omi náà dọ́gba, á kà á, á kọ ọ́ sínú ìwé. Tí òjò kò bá rọ̀, á kọ òdo. Gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́, ọmọ Àkúrẹ́ gidi, sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Uṣẹ́ ojú ni uṣẹ́ yìí o. Ohun tí o kò bá fi ojú rí, má kọ ọ́." Mo ní, "Ó dáa, sà." Ẹnu ni mo fi dá a lóhùn.

Jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ náà gan-an.

O rántí Dókítà Sàkírátù? Òun ni olùkọ́ tuntun ní ẹ̀ka wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́ níbí, ìyá rẹ̀ ló ń ta àlùbọ́sà ní Arákàlẹ̀ tí ìyá rẹ máa ń bá ná ọjà títí wọ́n á fi dì mọ́ ara wọn. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń kó àwọn ìwé òjò mi jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ yín."

Gbogbo rẹ̀ ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Ìlà tín-ín-rín kan fún ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí òjò pọ̀, ìlà rẹ̀ ṣú bí aró; ọjọ́ tó gbẹ, ó funfun. Ọdún kan jókòó lé ọdún kejì lórí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bó ṣe ń wá tó ń lọ. Mo rí àlàfo inú oṣù Kẹjọ, ìgbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀, ó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ sósì bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Èmi nìkan ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka gbogbo rẹ̀, ní àràárọ̀, mi ò sì mọ̀ pé nǹkan báyìí ni mo ń ṣe. Mo dìde, mo ṣí fìlà. Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Dókítà náà rọra na páálí tíṣù sí mi.

Lẹ́yìn náà ló fi ìka tọ́ ibì kan lókè pátápátá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi wo ibí yìí. Inú oṣù Keje ni, òdo tò tẹ̀léra fún ọjọ́ mọ́kànlá. Irú rẹ̀ kò tún sí nínú gbogbo ọdún tó kù. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Mo mọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ó ti pẹ́, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó."

Ó ní, "Kò burú, Bàbá. Kò sí ìkánjú."

Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ rò. Ohun tí mo ń rò kò ju pé tí mo bá sọ òótọ́, ṣé wọn kò ní kó gbogbo ìwé náà dà sí kòtò? Ta ló máa gba ọgbọ̀n ọdún òjò lọ́wọ́ ẹni tó parọ́ ọjọ́ mọ́kànlá? Tí mo bá sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, òjò dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn," kò sí ẹni tó máa mọ̀. Mo ti pinnu pé ohun tí mo máa sọ nìyẹn.

Orí ìpinnu yẹn ni mo wà nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ajé. O ní káàdì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì láàbù ibi iṣẹ́ yín, tí ẹ máa ń kọ bó ṣe tutù tó sí ní àràárọ̀, ojú méjì ṣófo lórí rẹ̀, torí o lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ méjì yẹn, kò sì sí ẹni tó rántí wò ó. O ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. O ní àǹtí tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí o kàn kọ mẹ́rin mẹ́rin síbẹ̀, pé ìwọ̀n òtútù fíríìjì yẹn kì í kúrò lórí mẹ́rin, àti pé Ọjọ́bọ̀ ni o máa kọ ọ́. O ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ ní, "Lo bírò kan náà o." Rẹ́nikẹ́, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde nìyẹn. Nígbà tí o pa fóònù, ìyá rẹ wò mí, ó bi mí kí ló dé tí ojú mi fi rí báyẹn.

Ó yá, gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ọdún kejì tí mo dé ibi iṣẹ́ ni. Wọn kò tíì kọnfáàmù mi. Ìyá rẹ ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Oǹdó torí oyún rẹ ń dà á láàmú. Ìròyìn kàn mí lọ́jọ́ kan pé wọ́n ti gbé e dé ọsibítù, pé ọmọ ti fẹ́ jáde, oṣù rẹ̀ kò sì tíì pé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìsinmi, ọ̀gá náà kò sí nílùú. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n fún Délé ní kọ́kọ́rọ́ ọgbà. Délé ni ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì mọ òjò kà dáadáa. Bó ṣe mọ̀ ọ́n kà dáadáa yẹn ni kò jẹ́ kí n fún un. Mo rò pé tí ọ̀gá bá dé tó rí i pé Délé lè dá a ṣe, èmi ni wọ́n máa ní kí n máa lọ. Mo purọ́ fún un pé ọ̀gá ní kí a ti ọgbà pa títí òun á fi dé. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, mo wọ mọ́tò.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò ní Oǹdó. Ní àràárọ̀ mo máa ń jáde síwájú ọsibítù láti wo ojú ọ̀run. Kò sí òjò kankan ní Oǹdó lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, oòrùn ń ràn. Mo sọ fún ara mi pé tí ibí bá gbẹ, Àkúrẹ́ náà á gbẹ, mo sì ń kọ òdo sórí bébà kan. Èmi tí òjò ti rọ̀ ní apá kan títì lójú mi rí tí kò kán sí apá kejì.

Nígbà tí mo padà, mo lọ ṣí agolo. Ó kún dé ẹnu. Mi ò ní gbàgbé bí omi náà ṣe mọ́, ewé kékeré kan ń léfòó lórí rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tí a ń ṣe tí ẹnikẹ́ni kò bá kà á fún ọjọ́ mélòó kan. A ó wọn omi náà pa pọ̀, a ó kọ iye rẹ̀ sí ọjọ́ tí a padà dé, a ó sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé omi ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ìlà kan péré. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn á sọ pé mi ò sí níbẹ̀. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo gbé agolo náà, mo da omi náà sórí koríko. Mo wá jókòó, mo kọ òdo mọ́kànlá inú bébà yẹn sínú ìwé, mo tò wọ́n dáadáa. Ní oṣù tó tẹ̀lé e wọ́n kọnfáàmù mi, wọ́n ní mo jẹ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Délé yẹn kan náà ló gbé adìyẹ wá síbi ìsọmọlórúkọ rẹ.

Ìwọ náà wà nínú ọjọ́ mọ́kànlá yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí o wà ní kékeré ni mo ń sọ fún ọ pé òjò kò kán sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí ọ. Mo mú ọ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo ṣí ìwé náà, o fi ìka rẹ lé orí òdo yẹn, inú rẹ dùn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Mi ò mọ̀ bóyá òjò rọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kan ilẹ̀kùn Dókítà Sàkírátù kó tó jókòó dáadáa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé kan jáde, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi òjò ọdún yẹn ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ rí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dá dé bá Àkúrẹ́ nínú oṣù Keje. Ọmọ náà lọ bá bàbá àgbẹ̀ kan ní Ilú-Àbọ̀ láti bi í léèrè. Bàbá náà ní òun kò rántí ọ̀dá kankan, pé òjò pọ̀ lọ́dún yẹn débi pé odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ gba ìsàlẹ̀ oko ọ̀rẹ́ òun. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ pé ó jọ pé ọjọ́ orí ló ń da bàbá náà láàmú. Òdo mi ni wọ́n gbà gbọ́. Wọn kò gba ẹni tí òjò pa gbọ́.

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mo rò pé omi lásán ni mo dà nù. Mi ò mọ̀ pé ó máa rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, tó máa lọ sọ àgbàlagbà kan di ẹni tí ìrántí ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Mo bi Dókítà pé ṣé wọ́n máa da gbogbo ìwé náà nù. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀, Bàbá. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ọwọ́ mi." Ó ní tí àwọn bá rí àlàfo, àwọn mọ bí àwọn ṣe ń bá a ṣiṣẹ́, òdo irọ́ ni àwọn kò mọ bí àwọn ṣe ń bá ṣiṣẹ́, torí ó jọ òótọ́. A jókòó, a yẹ gbogbo ìwé náà wò. Ọjọ́ méjì péré ni mo tún rí tí mi ò lè búra fún. Mo fọwọ́ sí bébà kan pé bó ṣe rí nìyẹn, ó sì mú un lọ fún àwọn àgbà ẹ̀ka. Wọn kò tíì pè mí.

Nígbà tí mo délé mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ń gé ilá lọ́wọ́, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Bàbá Rẹ́nikẹ́, mo ti mọ̀ tipẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ọgbà yẹn ń yọ lápò yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ jókòó tì mí."

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Mo fẹ́ tò ó dé mẹ́wàá bí bàbá mi ti ṣe fún mi nígbà tí mo gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n méjì péré ló dá mi lójú.

Èkíní, ohun tí o kò bá wò, má kọ ọ́, bó ti wù kó dá ọ lójú tó. Ó dá èmi náà lójú pé Àkúrẹ́ gbẹ.

Èkejì, máa fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Tí o bá fẹ́ rìnrìn àjò, tí ara rẹ kò bá yá, kọ́ ẹnì kan ní ohun tí o ń ṣe kí o tó lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ ṣe kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Ìbẹ̀rù Délé ló sọ mí di òpùrọ́, Délé kò sì ṣe mí ní nǹkan kan.

Má bá àǹtí yẹn jà o. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Máa kí ìyá onílé rẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àwọn ará Oǹdó kò fẹ́ kéèyàn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí ẹni tí kò rí wọn. Ra aṣọ òjò tó dáa. Ìyá rẹ ní kí o jẹun kí o tó jáde nílé, kì í ṣe tíì lásán.

Ó ku ohun kan tí mi ò sọ fún ọ rí, torí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí di àná. Nígbà tí a bí ọ, inú àpótí ooru tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí ni wọ́n gbé ọ sí. Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń wò bí ara rẹ ṣe gbóná tó ní wákàtí wákàtí, tó ń kọ ọ́ sórí káàdì tó wà lẹ́sẹ̀ àpótí náà. Lọ́jọ́ kẹrin, láàárọ̀, wọ́n pè é lọ síbi aláboyún kan tó ń rọbí, kò rí ààyè wò ọ́ ní wákàtí kan. Nígbà tó padà, kò kọ nǹkan kan sójú wákàtí yẹn. Ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Kò tíì ráyè wò ọ́ nígbà tí dókítà wọlé. Dókítà gbé káàdì náà, ó rí àlàfo, ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?" Ó na ọwọ́ kàn ọ́. O ti tutù. Iná àpótí náà ti kú, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ̀. Mo wà níbẹ̀, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, bébà tí mo ń kọ òdo sí wà lọ́wọ́ mi. Mo rí bí wọ́n ṣe ń sáré. Mo rí i nígbà tí àwọ̀ rẹ padà sípò.

Ká ní nọ́ọ̀sì yẹn kọ iye tó máa ń kọ síbẹ̀ ni, dókítà á ti kọjá lọ.

Nítorí náà, tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, lọ síwájú fíríìjì yẹn. Fi ojú méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé ẹnikẹ́ni kò wò ó lọ́jọ́ méjì yìí, kí o sì kọ orúkọ rẹ sí i. Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé wọn kò ní bínú. Èmi pàápàá kò tíì mọ ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe. Tí wọ́n bá ní kí o máa lọ, wọ mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá kún. Mo máa wà ní gáréèjì, mo máa gba báàgì lọ́wọ́ rẹ, mi ò sì ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan títí a ó fi délé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.